Oòrùn Láàárín Igi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í wọ bọ́ọ̀sì láti Ìdóàní lọ sí Ọ̀wọ̀ kó má fi ọwọ́ bo ojú kan. Tẹ́lẹ̀, bí oòrùn bá ń ṣẹ́jú wàràwàrà láàárín igi, wárápá á mú un, èmi ni mo sì máa ń dì í mú. Dókítà tó so wáyà mọ́ ọn lórí, tó tan iná tó ń ṣẹ́jú sí i, ló kọ́ ọ: "Ọpọlọ rẹ ń bá iná náà sáré. Bo ojú kan, á dẹwọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi: "Àṣé kì í ṣe ẹ̀bi mi."

Òkè Ọya ló ti ń ṣe tíṣà báyìí. Ó pè mí lánàá: "Àbúrò mi, igi ò pọ̀ lójú ọ̀nà ibí. Ojú méjèèjì ni mo fi ń wòran."

Mo ní inú mi dùn. N kò láyà láti bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀ wálé.