Àdúà Bàbá Tí Mo Fi Ìkánjú Pa Rẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tí ọwọ́ wàdùwàdù mi kó bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Inú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí New Cross ni mo ti ń tẹ èyí, ara mi ò sì tíì balẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé Mummy mi ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Peckham níbí. Nígbà tí Bàbá wà láyé n'Íbàdàn, wọn kì í kọ lẹ́tà, wọn ò sì fẹ́ràn fóònù. Ẹ̀rọ orin kékeré kan ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ sí, MP3 tó lè gba ohùn sílẹ̀. Tí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, wọ́n á ṣàdúà fún àwa ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kí ọkọ, wọ́n á kí ìyàwó, wọ́n á kí landlord mi pàápàá! Nígbà tí wọ́n kú, Mummy gbé ẹ̀rọ náà wá sí London. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì, Bàbá á máa ṣàdúà, Mummy á máa ṣe àmín.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti gbó, bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Mo ní kí n ra tuntun.

Ṣé ẹ rò pé ó rọrùn? Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta la wọ̀ ní Rye Lane! Mo mú èyí tó ń dán, onígíláàsì. Mummy ní ìka àwọn ń yọ̀ lórí rẹ̀. Mo ní ká kó ohùn náà sínú fóònù wọn. Wọ́n ní fóònù á máa dún láàárín àdúà, ẹni tó ń pè ò sì mọ̀ pé Ọlọ́run làwọn ń bá sọ̀rọ̀. Bọ́tìnnì gidi ni wọ́n fẹ́, èyí tí ìka lè mọ̀ láìwò ó, nítorí ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Èmi ń wo aago ṣáá, shift mi ní Bermondsey ti ń sún mọ́. Nígbà tó yá, a rí dúdú kan báyìí, bọ́tìnnì rẹ̀ yọ síta dáadáa. Mummy ní èyí ló gbọ́ èdè àwọn.

A délé, mo fi wáyà so ẹ̀rọ àtijọ́ mọ́ laptop kí n lè kó ohùn Bàbá jáde. Mummy ní kí n jókòó, kí n fara balẹ̀. Jókòó kẹ̀? Kóòtù wà lọ́rùn mi, bàtà wà lẹ́sẹ̀ kan! Laptop béèrè ọ̀rọ̀ gígùn kan. Ta ló ráyè kà á? Mo tẹ Yes. Ó tún béèrè. Yes! Mo so tuntun náà mọ́ ọn, Yes náà ni. Mo gbé e fún Mummy, mo sá lọ bá bọ́ọ̀sì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń po tíì nígbà tí mo gbọ́ ohùn obìnrin òyìnbó kan láti orí ẹní ìkírun. Ó ń ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń fọwọ́ kó tó fọwọ́ kan aláìsàn! Training ibi iṣẹ́ mi tó wà nínú laptop!

"Ràṣídá, ta lèyí? Bàbá ẹ dà?"

Mo tẹ ẹ̀rọ àtijọ́, òyìnbó kan náà ni. Àṣé ohun tí laptop ń béèrè nìyẹn: ṣé kó pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, kó fi tiẹ̀ rọ́pò? Èmi ni mo sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀mẹ́ta!

Mo purọ́ fún Mummy pé wáyà ló ṣe é. Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ bá ọmọkùnrin Yorùbá kan tó ń tún fóònù ṣe. Ọjọ́ méjì gbáko, mi ò lè jókòó, mi ò lè jẹun. Mo ń pè é láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi iṣẹ́!

"Aunty, mo ti try gbogbo ẹ̀," ó ní. "Training yẹn ti gba àyè ẹ̀ pátápátá. Ẹ má bínú."

Mo délé, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mummy húkọ́ díẹ̀, bí Bàbá ṣe máa ń húkọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ka àdúà náà látòkèdélẹ̀, títí kan ìkíni landlord. Mo sunkún bí ọmọdé.

"Gbogbo ẹ̀ wà lórí mi," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n, Ràṣídá, láti ìgbà tí mo ti dé ilé yìí, èmi náà ń ṣàdúà fún ẹ láràárọ̀. Ta ló ti gba ohùn tèmi sílẹ̀?"

Lábẹ́ òrùlé kan náà, ọjọ́ kan ṣoṣo, mi ò jókòó gbọ́ ọ rí!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ máa ka ohun tí ẹ̀rọ bá béèrè kí ẹ tó dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀kọ́ tó dùn mí jù nìyẹn. Òkú ni mò ń sáré kiri nítorí rẹ̀, alààyè sì wà nílé.

Ohùn ta ló wà lọ́wọ́ ẹ̀yin náà? Ohùn ta ni ẹ ò tíì gbà sílẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á.

Láàárọ̀ yìí, mo bọ́ kóòtù, mo jókòó sórí ẹní, mo tẹ bọ́tìnnì tó ń gba ohùn sílẹ̀ fún Mummy. Orúkọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ dá.