Ìsinmi Tí A Kò Béèrè Fún

Ilé iṣẹ́ kan lẹ́yìn ìlú Parma ní Ítálì, níbi tí wọ́n ti ń fi iyọ̀ ra itan ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe prosciutto, ẹran gbígbẹ wọn, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwa Yorùbá méjì la wà níbẹ̀: èmi àti ìyá kan láti Ìjẹ̀bú tí mo ń pè ní Màmá. Òtútù ibẹ̀ máa ń wọ eegun, iyọ̀ á sì máa ta wá lọ́wọ́ níbi tí ìbọ̀wọ́ bá ti ya.

Ọ̀gá wa kì í kí èèyàn. Tó bá fẹ́ pè ọ́, á kàn gbá tábìlì ni. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tó wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, tó fún wa ní ìbọ̀wọ́ tuntun, tó tún béèrè àlàáfíà ọmọ mi. Inú mi dùn.

Màmá ní, "Ta ló sọ fún un pé o bímọ?"

Mi ò rántí pé mo sọ fún un rí. Títí di òní, mi ò mọ ẹni tó sọ ọ́.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá ní ká má wá lọ́la, ká lọ sinmi. Nínú bọ́ọ̀sì, nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, Màmá yíjú sí mi.

"Ẹni tí kì í kí mi láàárọ̀ ló wá ń ro ti ìsinmi mi? Ejò lọ́wọ́ nínú. Iṣẹ́ ni mò ń lọ lọ́la."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sinmi. Ara ń ro mí."

"Ìwọ máa sinmi."

Oorun ò kùn mí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo tẹ̀ lé wọn.

A bá obìnrin méjì tí a ò mọ̀ rí nídìí tábìlì wa. Ọ̀kan wọ bàtà rọ́bà mi. Ọ̀gá ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ ra ẹ̀gbẹ́ eegun. Bó ṣe rí wa, ojú rẹ̀ yí padà.

"Lunedì," ó ní. "Ẹ padà wá ní Mọ́ńdè."

Màmá wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n lọ dúró sáàárín àwọn obìnrin náà, wọ́n fa itan kan sọ́dọ̀. Mo dúró tì wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà rọra bi mí pé, ṣé a kò fiṣẹ́ sílẹ̀ mọ́ ni? Ọ̀gá ti sọ fún wọn pé àwa fúnra wa la fiṣẹ́ sílẹ̀.

Lọ́sàn-án, Màmá pe sindacato, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Obìnrin kan wá láti ibẹ̀, òun àti ọ̀gá sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. A ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Wọn ò lé wa, wọn ò sì lé àwọn àlejò. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá ń ṣiṣẹ́ nídìí tábìlì kan náà, bí ọ̀gá bá sì gba ẹ̀yìn wa kọjá, kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ títí yóò fi jìnnà.