Aṣọ Màmá Norway

Òórùn irun àgùntàn gbà mí nímú níbi ìpàtẹ iṣẹ́ àwọn ahunṣọ Norway, ọkàn mi sì sáré padà sí Beltsville, ìlú òkèèrè tí a gbé nígbà èwe mi.

Màmá Norway, aládùúgbò wa, fi irun àgùntàn àti ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ tó kú hun aṣọ aláràbarà, ó tẹ́ ẹ sórí fẹ́ńsì. Onílé rẹ̀ dé, ó ní, “Ká àkísà yẹn, àbí kó o kó jáde!”

“Mi ò ká a.”

Màmá mi sáré wọlé, mo rò pé ẹ̀rù ló bà á. Òfì ìgbéyàwó rẹ̀ ló gbé jáde, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tìyẹn. “Ó di àkísà méjì, ọ̀gá. Èwo lẹ ó kọ́kọ́ ká?”

Ọkùnrin náà bá tirẹ̀ lọ.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé òun náà ló ni ilé tiwa.