Kọ́nẹ́ẹ̀lì Tí Kò Fèsì

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Garland, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas, bí mo bá gba ibi iṣẹ́ wá pẹ̀lú aṣọ ológun lọ́rùn, àwọn màmá àgbà á dì mọ́ mi, wọn á ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ìbọn bà mí. Mo máa ń ṣe àmín gan-an. N kì í sọ fún wọn pé ìwé ni mò ń bá jagun. Ní olú iléeṣẹ́ ológun tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Dallas, èmi ni mò ń bá ọ̀gágun ṣètò èsì fún àwọn tó bá kọ̀wé sí i: ìyá ọmọ ogun, aṣòfin, opó, ẹni tí inú ń bí. Májọ̀ ni mí, àmọ́ ohun ìjà mi ò ju kọ̀ǹpútà àti ẹsẹ̀ tí mo fi ń rìn lọ.

Èsì kì í ṣàdédé dé orí tábìlì ọ̀gágun. Màá kọ́kọ́ kọ ọ́, màá wá fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀ka tí ọ̀rọ̀ náà bá kàn: àwọn tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, àwọn agbẹjọ́rò, àwọn dókítà. Kálukú á kà á, á sọ pé òun gbà tàbí òun ò gbà. Gbèdéke wà fún un. Bí gbèdéke bá sì kọjá tí ẹ̀ka kan ò sọ nǹkan kan, òfin wa ni pé ó ti gbà nìyẹn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òfin náà wù mí, torí àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí a bá ní ká dúró dè wọ́n, irùngbọ̀n á hù fún èmi obìnrin.

Lẹ́tà tí mò ń sọ yìí, ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Duncanville ló ti wá. Ọmọ méjì péré ló bí. Obìnrin ni àgbà, kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Ọkùnrin ni àbúrò, sájẹ́ǹtì lábẹ́ ọ̀gágun wa sì ni. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé kíndìnrín rẹ̀ bá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu, òun náà sì ti gbà láti yọ ọ̀kan fún un. Àmọ́ ikọ̀ rẹ̀ ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sí òkè òkun. Ohun tí ìyá náà ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀: kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ òun dúró ṣe iṣẹ́ abẹ náà, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè yè.

Ọ̀gágun ka lẹ́tà náà, ó fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ sí etí rẹ̀ pé, "Ẹ bá mi ṣe é fún un." Inú mi dùn. Mo jókòó, mo kọ èsì tó dùn ún gbọ́: sájẹ́ǹtì yóò dúró títí iṣẹ́ abẹ yóò fi parí, lẹ́yìn náà ni yóò lọ bá ikọ̀ rẹ̀. Mo fi ẹ̀dà lẹ́tà tí ọ̀gágun kọ nǹkan sí mọ́ ọn, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀ka. Àwọn tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ gbà. Àwọn agbẹjọ́rò pàápàá gbà, àwọn tí kì í gbà pé ilẹ̀ ti mọ́ àfi bí wọ́n bá rí i kà nínú ìwé. Ó ku ẹ̀ka dókítà. Olórí wọn, kọ́nẹ́ẹ̀lì obìnrin kan tó máa ń fèsì kí èèyàn tó gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, dákẹ́ rọ́rọ́.

Gbèdéke pé, ó kọjá. Ọ̀gá tó ń darí ọ́fíìsì wa ní, "Kò sọ nǹkan kan, ó ti gbà nìyẹn. Gbé e wọlé fún ọ̀gágun."

N ò gbé e wọlé. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ìdákẹ́ àgbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá sílé wa ní Ìbàdàn, ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó rojọ́, ó tún rojọ́. Bàbá mi ń wo ojú fèrèsé. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó pẹ́, ìyá mi sìn wọ́n jáde, ó ní, "Ẹ máa lọ o, bàbá ti fèsì." Ẹni tó bá ka ìdákẹ́ bàbá mi sí bẹ́ẹ̀ ni, aṣọ ìgbéyàwó ló máa rà lásán.

Mo bẹ ọ̀gá mi pé kó fún mi di àárọ̀ ọjọ́ kejì kí n lọ rí kọ́nẹ́ẹ̀lì náà. Ó ní ṣé èmi ni mo fẹ́ wá kọ́ òun ní òfin iṣẹ́ òun ni. Inú bí mi. Èmi náà kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́. Mo ní, "Sà, bí ọ̀rọ̀ yìí bá bàjẹ́, orúkọ ọ̀gágun ló máa wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe orúkọ òfin." Ó ní kó má kọjá àárọ̀.

Mo délé, ọkọ mi ti ń ro ọbẹ̀.

"Kí ló dé tí ojú ẹ rí báyìí? Ṣé freeway ni àbí àwọn general ẹ?"

"Colonel kan ni. Mo send draft sí i, kò reply."

"Bóyá kò rí i."

"Ó rí i. Ó kàn dákẹ́ ni."

Ó fi ṣíbí sílẹ̀. "Háà, kò fẹ́ nìyẹn. Dìde lọ bá a ní office ẹ̀, jàre. Má tún fi email kankan bẹ àgbàlagbà."

Ọmọ wa obìnrin gbé ojú sókè lórí fóònù rẹ̀. "Mommy, just text her." Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀, mo kan ilẹ̀kùn kọ́nẹ́ẹ̀lì. N ò tíì mẹ́nu ba ohun tó gbé mi wá. Mo kí i, mo béèrè ọkọ rẹ̀, mo béèrè ajá rẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá, torí nílùú yìí, ẹni tí kò bá béèrè ajá kò tíì kí ará ilé tán. Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Mo ti ń retí kẹ́nìkan wá." Ó ní òun rí ohun tí ọ̀gágun fi lẹ́ẹ̀dì kọ, òun ò sì fẹ́ kọ "n ò gbà" lé e lórí kí gbogbo ẹ̀ka máa kà á. Díẹ̀ ló kù kí n bi í bóyá ará Ìbàdàn ni ìyá rẹ̀. Ó fi ìka lé gbólóhùn mi tó dùn ún gbọ́ yẹn. Títí iṣẹ́ abẹ yóò fi parí, bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ọ́. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá rán ojú ọgbẹ́ tán ni iṣẹ́ abẹ parí, àti pé àwọn tó ń kó ọmọ ogun lọ kì í wo ojú ìyá ẹnikẹ́ni, ohun tó bá wà nínú ìwé ni wọ́n ń tẹ̀lé. Wọn á gbé ọmọkùnrin náà wọ bàálù pẹ̀lú ọgbẹ́ tútù nínú.

Ìyá tó wá bẹ̀ wá torí ọmọ kan, à bá fi àánú ṣe èkejì léṣe.

A jọ jókòó, a tún un kọ. Sájẹ́ǹtì yóò wà nílé títí àwọn dókítà yóò fi sọ pé ara rẹ̀ ti le pátápátá, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ pè é kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀. Kọ́nẹ́ẹ̀lì fọwọ́ sí i lójú mi. Mo gbé e lọ fún ọ̀gágun, ó kà á, ó béèrè ohun tó yí padà. Mo ní, "Mo lọ kí kọ́nẹ́ẹ̀lì ni, sà." Kò bi mí ní nǹkan mìíràn, ó fọwọ́ sí i. Ara tù mí pẹ̀sẹ̀, àfi bí ẹni tó bọ́ bàtà tó ti ń fún un láti àárọ̀. Ọ̀gá mi ní òun ò ní torí èyí yí òfin òun padà o, ṣùgbọ́n ó ní kí n fúnra mi pe ìyá náà kí lẹ́tà tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Mo pè é, mo sì ń kà á bó ṣe wà nínú ìwé: lẹ́yìn àgbéyẹ̀wò kíkún pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ka tí ọ̀rọ̀ náà kàn, a ti sún ìrìnàjò sájẹ́ǹtì náà síwájú títí di ìgbà tí... Ó dá mi dúró.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀ jù fún mi. Ṣé ọmọ mi ń lọ ni àbí kò lọ?"

Mo gbé lẹ́tà sílẹ̀. Mo ní, "Kò lọ mọ́ báyìí, mà. Ẹ ní kó tú ẹrù rẹ̀."

N ò gbọ́ ẹ ṣeun, n ò gbọ́ ó dàbọ̀. Mo gbọ́ tí fóònù jábọ́, mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré gba inú ilé lọ, ó ń pariwo orúkọ kan tí mo ti kà nínú lẹ́tà rẹ̀. Kì í ṣe orúkọ sájẹ́ǹtì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń pè.