Ọjọ́ Tí Oko-Àgbọn Kún fún Èrò

Nígbà tí mo dé Oko-Àgbọn láti wo iye èèyàn tó ń gbé níbẹ̀, gbogbo ojúlé ló kún. Èyí ló kọ́kọ́ fu mí lára, nítorí mo ti gba ibẹ̀ kọjá rí láìpẹ́ sígbà náà, tó jẹ́ pé ewúrẹ́ ló pọ̀ ju èèyàn lọ.

Káńsù ni mo ti ṣiṣẹ́, ní Alímọ̀ṣọ́, ní ẹ̀ka tó ń rí sí ìdàgbàsókè àdúgbò. Bí àdúgbò kan bá fẹ́ kí ìjọba mọ òun sí, yóò dá ẹgbẹ́ tí gbogbo èèyàn ń pè ní CDA sílẹ̀. Àdúgbò tó bá ní CDA tirẹ̀ ló lè fẹnu ara rẹ̀ bèèrè ọ̀nà tàbí iná. Èyí tí kò ní, abẹ́ ẹlòmíràn ni yóò wà. Iṣẹ́ tèmi ni láti lọ wò ó bóyá èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ pọ̀ tó.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Alàgbà Fátókí, ọmọ Ìbàdàn tí kì í yára sọ̀rọ̀, ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má máa ka orí.

“Orí lè ti ibikíbi wá,” ló wí. “Ibi ìdáná ni kí o máa wò.”

Ó ní abúlé kan wà tí wọ́n ti kó àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wá jókòó bí onílé, ṣùgbọ́n tí wọn kò rántí pé kí wọ́n bọ́ aṣọ akọrin.

Ẹ̀yìn Ìgàndò ni Oko-Àgbọn wà, níbi tí irà ti bẹ̀rẹ̀. Odò kékeré kan ló là á kúrò lára àdúgbò ńlá tí ìjọba kà á mọ́, pákó ni wọ́n sì tẹ́ lé odò náà. Bí òjò bá pọ̀, omi á gbé pákó lọ. Àwọn ará àdúgbò ńlá kò rídìí tí wọn yóò fi máa bèèrè afárá tí wọ́n gbà pé kò kan àwọn. Nítorí náà ni Baálẹ̀, Baba Lásísì, fi fẹ́ kí abúlé òun dá dúró.

Mo wo ibi ìdáná lọ́jọ́ náà. Eérú ilé púpọ̀ ti tutù tipẹ́. Mo bẹ ìyàwó ilé kan tó pọn ọmọ pé kó bu omi fún mi. Ó wọlé, ó pẹ́, ó tún jáde wá bi ìyá àgbà kan léèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé níbo ni wọ́n ń kó ife sí. Ìyá náà fi gèlè bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Baálẹ̀.

“Baba, ẹ má bínú. Níbo làwọn èèyàn yìí ń sùn?”

“Ọmọ mi ni wọ́n. N kò yá wọn.”

“Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Baba.”

Ó wá ní Ìdímù làwọn kan ń gbé, àwọn kan wà ní Command, àwọn mìíràn ní Abúlé Ẹ̀gbá. Ó ní odò ló lé wọn. Nígbà òjò tó kọjá, Ràmọ́tà ọmọ rẹ̀ ń rọbí, kò sì sí pákó lórí omi. Kí àwọn ọkùnrin tó gbé e dé òdìkejì, ọmọ inú rẹ̀ ti kú. Bí ara rẹ̀ ti le ni òun àti ọkọ rẹ̀ kó lọ.

“Ìjọba ní kí èèyàn pọ̀ kí afárá tó dé,” ni Baálẹ̀ wí. “Àìsí afárá ló sì lé èèyàn lọ. Ọmọ mi, èwo ni kó ṣáájú?”



Síbẹ̀, ohun tí mo rí ni mo kọ: èèyàn ibẹ̀ kò pọ̀ tó láti dá dúró. Bí mo bá parọ́, tí àṣírí tú, kò tún sí ẹni tí yóò gba ọ̀rọ̀ abúlé náà gbọ́ mọ́. Alàgbà Fátókí kà á tán, ó bi mí pé àwọn ta ló ń gba orí pákó náà. Mo padà lọ jókòó sétí odò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ nínú irà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọjá, ará àdúgbò ńlá sì ni wọ́n. Mo fi kún ìwé mi pé afárá náà kan apá méjèèjì. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún alága àdúgbò ńlá, ó ní òun kò mọ̀ pé èèyàn òun ń kọjá níbẹ̀. Ó bá wa fọwọ́ sí ìwé tí a fi bèèrè afárá.

Nígbà tí Baálẹ̀ gbọ́ pé abúlé òun kò ní dá dúró, inú bí i. Ó pẹ́ gan-an tó fi jẹ́ pé bí mo bá kí i, orí nìkan ló ń mì sí mi. Afárá kò tètè dé, ṣùgbọ́n ó dé. Wọ́n ní Baba rìn lórí rẹ̀ kó tó kú. N kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn afárá ni àwọn àjèjì dé, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n kọ́lé, àwọn ayálégbé sì tẹ̀ lé wọn. Ní ọdún tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n tún rán mi lọ síbẹ̀, nítorí Oko-Àgbọn ti tóbi ju ohun tó lè wà lábẹ́ ẹlòmíràn lọ. Múfútàù, ọmọ Baba Lásísì, ló ti di Baálẹ̀. Mo bi í pé àwọn wo ló padà nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀.

“Ràmọ́tà nìkan,” ló wí. “Àwọn yòókù ti kọ́lé síbi tí wọ́n wà.”

Ní ìpàdé tí wọ́n fi dá CDA wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, onílé kan ní kí wọ́n yí orúkọ ibẹ̀ padà sí ẹ̀sítéètì, pé ta ni yóò wá gbé nínú ohun tí wọ́n ń pè ní oko. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan mi orí. Baálẹ̀ mọ̀ pé bí wọ́n bá ní kí wọ́n nawọ́, àwọn èèyàn òun kò tó nǹkan mọ́. Ni káfíńtà kan, ayálégbé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, bá dìde.

“Ibí ni wọ́n ti bí ọmọ mi,” ló wí. “Bí wọ́n bá bi í léèrè lọ́la, Oko-Àgbọn ni mo fẹ́ kó máa sọ.”

Nígbà tí mo ní kí àwọn tó fẹ́ ẹ̀sítéètì nawọ́, onílé yẹn nìkan ló nawọ́, ó wò yíká, ó sì fi ọwọ́ náà họ orí.

Mo kọ Oko-Àgbọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é. Baálẹ̀ sìn mí dé etí afárá. A dúró díẹ̀ kí a tó rí àyè kọjá, nítorí èrò pọ̀.