Agboolé Tí Àna Mi Béèrè

Ẹ fara balẹ̀, kí n ro ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi n'Ílobù fún yín. Inú mi ṣì ń dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́!

Sàídì, ọmọ mi, rí ìyàwó n'Ífọ́n. Ó lọ kí Alàájì, bàbá Ràmọ́tà, ọmọbìnrin náà. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa o, mo kọ́ ọ! Ni Alàájì bá bi í pé agboolé wo ló ti wá. Ṣé ẹ mọ ohun tó fi fèsì? Ó ní fúláàtì lòun ń gbé l'Óṣogbo!

Alàájì ní òun ò béèrè fúláàtì. Ó ní òun ò lè fi Ràmọ́tà fún ẹni tí kò mọ orísun ara rẹ̀. Ràmọ́tà bú sẹ́kún.

Ta ni kò ní gbéra? Mo bẹ Alàájì pé kó wá fojú ara rẹ̀ rí wa. Ó wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ojú rẹ̀ le koko.

Mo mú un lọ sí agboolé Alágbẹ̀dẹ tí wọ́n bí mi sí. Ilé alámọ̀ ṣì pọ̀ níbẹ̀, mi ò purọ́. Bí Sàídì ṣe yọ lẹ́yìn wa, Ìyá Elépo, àgbà nínú àwọn ìyàwó ilé, figbe ta: "Ọkọ mi dé! Ṣé ìyàwó kékeré lo wá kiri tí o fi gbàgbé mi?"

Ibẹ̀ ni Alàájì ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Mo ní kó wo bí àwọn ilé náà ṣe pagbo bí àwọn tó ń wòran ijó, tí gbogbo ilẹ̀kùn kọjú síra. Ilé kan ṣoṣo, ilé lásán ni. Ìgbà tí àwọn ìbátan bá kọ́lé yí ara wọn ká ló di agbo ilé, tí ẹnu wa sọ di agboolé.

Alàájì ní ó dáa, ṣùgbọ́n bí ọmọ òun bá rọbí l'Óṣogbo ńkọ́?

"Ṣé mọ́tò kì í lọ síbẹ̀ ni?" Ìyá Elépo ló dáhùn. "Àwa ìyàwó ilé la máa kún fúláàtì náà! Ibi tí a máa jókòó sí ni kí wọ́n tètè wá."

Alàájì wo àwọn ilẹ̀kùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yíjú sí mi.

"Èwo ni ti Ràmọ́tà nínú wọn?"

Ha! Orí mi wú!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú àwọn ọmọ yín dé agboolé, kí wọ́n mọ àwọn tó yí wọn ká. Ẹ̀yin ńkọ́? Agboolé wo ló bí yín, ta ló sì ń pè yín lọ́kọ níbẹ̀? Ẹ sọ fún wa.