Èèpo Funfun Ara Ọsàn

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ń ta ọsàn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Tó bá ń bó ọsàn, èèpo òkè nìkan ló máa ń bó kúrò, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á sì fi èèpo funfun abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ yípo.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ fẹ̀yìn tì nílé ìfìwéránṣẹ́, ó ní òun á máa ràn án lọ́wọ́. Ẹ gbà mí o! Ọkùnrin tí kò fọ abọ́ rí láyé rẹ̀ gbé ọ̀bẹ, ó wá ń kọ́ ọlọ́sàn níṣẹ́.

Ó ní, “Èèpo funfun yìí ò dùn, kò lómi, ó kàn wà níbẹ̀ ni. Kí là ń fi í sílẹ̀ fún?” Ló bá bó gbogbo rẹ̀ dànù. Ọsàn ń dán gbinrin, inú bàbá ń dùn ṣìnkìn.

Dókítà kan tó wọ aṣọ funfun ló kọ́kọ́ rà níbẹ̀. Ó gbé ọsàn sẹ́nu, ó fún un. Ọsàn bẹ́! Omi rẹ̀ bo gíláàsì ojú rẹ̀, ó ṣàn gba àyà aṣọ, kóró kan sì lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀. Mo yíjú sẹ́yìn kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín mi.

Bàbá ń bẹ̀bẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, mi ò mọ̀ pé èèpo yẹn ló dì í mú.”

Ìyàwó rẹ̀ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kò dùn, kò lómi, ó kàn wà níbẹ̀ ni, àbí? Bàbá àwọn ọmọ mi, èmi náà ńkọ́? Kí lẹ rò pé mo ti ń ṣe nínú ilé yín láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn?”